Talvenna Kejì Kì Í Béèrè

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni Adéṣẹwà tó gbọ́. Ó dúró nídìí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ ní Joubert Park, ní Johannesburg, ó ń wá bátìrì tó máa bá fóònù oníbàárà kan mu, ni ìyá rẹ̀ bá pè láti Iléṣà. Ìyá rẹ̀ kì í pè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nítorí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Adéṣẹwà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló dé. Kò kàn mọ̀ pé orí òun ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

"Ṣẹwà ọmọ mi, a kú oríire o! Wọ́n wá lánàá. Àwọn ará ilé Ògoolúwa. Mọ́tò méjì ló gbé wọn, wọ́n kún un fọ́fọ́."

"Wọ́n wá ṣe kí ni, Mọ́mì?"

"Ṣe kí ni bí i ti báwo? Wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni. Bàbá rẹ fúnra wọn ló gbàdúrà. A ti fi ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá, kí ẹ̀yin méjèèjì lè ráyè wálé. Ògo ní kí á má tíì sọ fún ọ, pé òun fẹ́ kó bá ọ lójijì. Èmi ni mo ní ẹnu mi ò lè gbà á mọ́."

Adéṣẹwà gbé bátìrì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn.

"Iṣu tí wọ́n gbé wá ńkọ́, Mọ́mì? Ṣé ó ṣì wà nílẹ̀?"

"Iṣu wo ló ṣì wà nílẹ̀? Ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló máa rí iṣu tí wọn ò ní gún un? Àná la ti jẹ ẹ́ tán. Iṣu náà funfun bí òwú."

Nílé tiwọn, a kì í jẹ iṣu ẹni tí a kò tíì dá lóhùn. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ ti dáhùn nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti jẹun, wọ́n ti nu ẹnu, wọ́n ti bá a dáhùn, nígbà tí òun wà ní Johannesburg tó ń ta ṣájà.

"Ẹ ṣeun, mà," ló sọ. Kí ni ọmọ tún lè sọ fún ìyá tí inú rẹ̀ ń dùn báyẹn, tí oníbàárà sì tò síwájú ẹni?

Ògoolúwa yìí, òun ló ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, òun náà ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wọn. Ọjọ́ orí òun àti Adéṣẹwà kò jìnnà síra. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò sí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 2010 yìí kan náà, bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n dúró kí róbọ́ọ̀tì, iná ojú pópó, fún wọn láyè kọjá, ó bi í bóyá ó máa fẹ́ òun. Adéṣẹwà ní, "Jẹ́ kí n rò ó." Láti ìgbà yẹn ló sì ti ń rò ó lóòótọ́. Ó ń rò ó bó bá ń gbálẹ̀, ó ń rò ó bó bá ń sá aṣọ sórí òrùlé, ọkàn rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ka igi tí ẹyẹ bà lé.

Kò pẹ́ tó gbé fóònù sílẹ̀ ni Ògoolúwa yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àpò ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó mi! Mo gbọ́ pé o ti gbọ́!"

Aǹtí Magdalene, àbúrò ìyá Adéṣẹwà, tó ni ṣọ́ọ̀bù, ké láti ẹ̀yìn: "Háà! Ó ti gbọ́? Ta ló sọ fún un?"

"Mọ́mì ló pè. Aǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Kí ló máa ṣe tí mi ò ní mọ̀? Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná. Mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú." Ó gbá Ògoolúwa lẹ́yìn. "Ọkùnrin nìyí! Àwọn kan á máa tẹ̀lé ọmọ ọlọ́mọ kiri títí irun á fi funfun, wọn ò ní mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀."

Ògoolúwa rẹ́rìn-ín. Ó fa nǹkan yọ nínú àpò ọ̀rá, ó rọra gbé e lé káńtà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Talvenna Kejì ni, géèmù tuntun, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì já.

"Mo ṣèlérí fún ọ," ó ní. "Mo ní ọjọ́ tó bá jáde, àwa méjèèjì la máa ṣí i."

Omi kún ojú Adéṣẹwà. Aǹtí Magdalene rò pé omijé ayọ̀ ni. Ògoolúwa náà rò bẹ́ẹ̀.

Kí á tó sọ ti ìkejì, ó yẹ ká sọ ti ìkíní.

Ọdún 2008 ni Talvenna kìíní dé ṣọ́ọ̀bù náà. Tẹlifíṣọ̀n méjì wà lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ń jókòó sí ṣe géèmù, bọ́ọ̀lù sì ni gbogbo wọn ń gbá lórí rẹ̀. Oníbàárà kan tó ń kó lọ sí Cape Town ló fi síídì Talvenna sílẹ̀, ó ní òun ò rí orí rẹ̀, òun ò rí ìdí rẹ̀. Kò purọ́. O kàn máa bá ara rẹ ní èbúté kan. Ọmọbìnrin atukọ̀ ni ọ́, kùrukùru ti gbé abúlé rẹ mì, o sì fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn rẹ wọlé sí. Kò sẹ́ni tó máa sọ ibi tí wàá gbà. Àwòrán rẹ̀ kò dára: ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bí amọ̀ tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ọdún yẹn náà ni iná ń lọ káàkiri ìlú. Bí iná bá lọ kí o tó dé ìdí ààrò tí wọ́n ti ń pa eré mọ́, gbogbo ìrìn ọ̀sán yẹn ti wọ igbó.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni àwọn méjèèjì máa ń ṣe é, nígbà tí Aǹtí Magdalene bá ń sun oorun ọ̀sán. Ògoolúwa ló ń di páàdì tí wọ́n fi ń darí eré mú. Adéṣẹwà ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, tó ń yí i sí Yorùbá, tó ń fi ohùn àgbà sọ̀rọ̀ àgbà, tó ń fi ohùn olè sọ̀rọ̀ olè. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, Ògoolúwa á yíjú sí i: "Kí ni ká ṣe?" Òun náà á dákẹ́, á rò ó. Géèmù náà á dúró dè wọ́n. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ nínú koríko rẹ̀, òkun rẹ̀ á máa ru, kò ní kánjú.

Nítorí pé àbíire ni wọ́n, gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n ń kí. Arúgbó kan wà lórí afárá tí kì í sọ ju "Máa lọ" lọ. Wọ́n kí i ní àlọ, wọ́n kí i ní àbọ̀, títí ó fi sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó sọnù fún wọn, wọ́n sì wá ọmọ náà rí nínú ihò àpáta kan tí kò sí ẹlòmíì nínú ṣọ́ọ̀bù tó mọ̀ pé ó wà.

Ààfin Ọba Kellun ni wọ́n ti há. Ọba náà jókòó, ó di ojú, ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ló jáde: kí wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fún un lẹ́bùn, tàbí kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, "Kellun", láìfi ọba ṣáájú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀bùn tó wà láyé Talvenna wá síwájú rẹ̀. Ọba kò la ojú. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn láti tẹ ìkẹta. Ta ní ń pe ọba lórúkọ? Odindi ìgbà òtútù ni wọ́n fi há síbẹ̀. Wọ́n ń padà sẹ́yìn, wọ́n ń wọ abúlé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n mọ gbogbo èèyàn inú rẹ̀ bí ará àdúgbò, wọ́n mọ ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà àti ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù.

Titus ló rí wọn lọ́jọ́ kan. Awakọ̀ tákísì ọ̀nà Soweto ni, ó máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń dúró de èrò.

"Eish! Ẹ ṣì wà níbí? Ẹ pe ọkùnrin náà lórúkọ, kí ẹ kọjá!"

"Ọba ni," Adéṣẹwà dá a lóhùn.

"Ọba inú tẹlifíṣọ̀n! Ó máa bọ́ síta wá gbá yín létí ni?"

Nígbà tí Titus lọ, Ògoolúwa wo Adéṣẹwà. "Kí ni ká ṣe?" Adéṣẹwà fi ọ̀sẹ̀ kan rò ó. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kejì, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ògoolúwa gbé páàdì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí káápẹ́ẹ̀tì níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì wá. Àwọn òyìnbó ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀." Ìgbà yẹn ló tó dìde, ó tẹ̀ ẹ́. Ọba la ojú. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe òun bí ìyá òun ṣe máa ń pe òun. Adéṣẹwà ń ka gbólóhùn náà jáde, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wo Ògoolúwa tó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, ọkùnrin yìí mà dára o.

Wọ́n ṣí Talvenna Kejì ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ìyá rẹ̀ pè yẹn. Ká má purọ́, ó rẹwà. Omi inú rẹ̀ ń dán bí omi gidi. O lè rí òjò tó ń kán létí ewé. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń fajú ro, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ lóhùn òyìnbó tó dán, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti kà jáde. Ọfà aláwọ̀ góòlù kan wà nílẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ láti rán ọ, àmì ń tàn lókè orí rẹ̀.

Adéṣẹwà ní kí wọ́n kí àgbẹ̀ kan tí kò ní àmì lórí.

"Ojú ọjọ́ dára," àgbẹ̀ náà wí.

"Tún un kí."

"Ojú ọjọ́ dára."

"Fi bàbá yẹn sílẹ̀, kò ní nǹkan kan," Ògoolúwa ní. Ó ti ń sáré tẹ̀lé ọfà.

Wọ́n dé ààfin. Kellun ti kú, ọmọ rẹ̀ ló wà lórí ìtẹ́. Kí wọ́n tó sún mọ́ ọn dáadáa, ọmọbìnrin atukọ̀ la ẹnu fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì búra pé òun á sin ọba tuntun náà títí láé. Kò sí ìdáhùn mẹ́ta. Kò sí ọ̀kan pàápàá. Ọwọ́ Ògoolúwa wà lórí páàdì, kò tẹ nǹkan kan.

"Ta ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀?" Adéṣẹwà béèrè.

"Bó ṣe wà nìyẹn. Wọ́n ti tún un ṣe. Ṣé o rí i pé a ò há?" Ojú rẹ̀ kò kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n mi ti bá wa rí ilé ní Durban. Kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó fẹ́ kí n máa bójú tó. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ibẹ̀ là ń lọ."

"Àwa wo?"

"Èmi àti ìwọ ńkọ́? Àbí o fẹ́ kí n mú Titus lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, Adéṣẹwà náà rẹ́rìn-ín, torí pé àwàdà náà dùn. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ló tó mọ̀ pé ẹnì kan ti la ẹnu sọ̀rọ̀ fún òun náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọmọ atukọ̀.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń ṣe Talvenna Kejì láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé. Kò fẹ́ ṣe ìdájọ́ òjijì. Ó mọ̀ pé ohun tó ti kọjá a máa dùn lẹ́nu ju bó ṣe rí lọ. Ó rán ara rẹ̀ létí iye ìgbà tí Talvenna kìíní kú mọ́ wọn lọ́wọ́ tí Ògoolúwa fi ń di orí mú. Ó rán ara rẹ̀ létí aginjù tí wọ́n rìn lásán láti ìsìn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, tí kò sí nǹkan kan ní òpin rẹ̀ ju òkúta lọ. Ìkejì kò fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò. Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ló dé ibì kan. Nígbà mìíràn, tí orin rẹ̀ bá lọ sókè, tí òkè yìnyín bá yọ níwájú, ara rẹ̀ á bù máṣọ, kò sì lè sẹ́ pé ìkíní kò fún un ní irú rẹ̀ rí. Àmọ́ bó bá ti pa á, kò rántí ohun tí òun ṣe nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe níwájú òun ló máa ń rántí.

Ó sọ ọ́ fún Titus lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí Titus ń mu tíì nídìí káńtà.

"Èmi o, ìkejì ni mo fẹ́," Titus ní. "Láti àfẹ̀mọ́jú ni mo ti ń bi èèyàn pé ibo lẹ̀ ń lọ, ibo lẹ ti máa sọ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún èmi náà ibi tí mò ń lọ. Ìkíní yẹn kì í ṣe géèmù, iṣẹ́ ni."

"Bí wọ́n bá wá sọ ibi tí ò ń lọ fún ọ, ta ló ń wakọ̀?"

"Kí ló kàn mí? Mo ti jókòó síwájú, mo ti ṣí fèrèsé. Ṣáàpù!" Ó gbé àtàǹpàkò sókè, ó fa tíì rẹ̀ mu.

Adéṣẹwà rí i pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ Titus. Ẹni tó bá ti rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ dára fún un. Ṣùgbọ́n kò tíì rẹ òun. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kò tíì rin ibì kan débi tí á fi rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ló tó lè la ẹnu fún àǹtí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to àpò fóònù sórí pẹpẹ.

"Aǹtí, mi ò tíì dá Ògo lóhùn o."

"Lórí kí ni?"

"Lórí pé kí n fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn Àjíǹde, mo ní kó jẹ́ kí n rò ó."

Aǹtí Magdalene rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí páálí. "Ìdáhùn nìyẹn, ọmọ yìí! Nígbà tí ọkọ mi kọnu sí mi, ṣé o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní mi ò fẹ́ rí i mọ́ láyé mi. Ọdún yẹn náà la ṣègbéyàwó. Ọmọbìnrin ilé ire wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Wọ́n á ní ó ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà dè é. Bí obìnrin bá ní kí á jẹ́ kí òun rò ó, ó ti gbà, ó kù kí ọkùnrin mọ ọ̀nà ilé ni."

"Èmi ń rò ó lóòótọ́ ni, Aǹtí."

Ẹ̀rín Aǹtí Magdalene já. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Lóòótọ́ bí i ti báwo?"

"Bí ẹni tí kò tíì mọ èsì."

"Háà." Ó mú àpò fóònù kan, ó gbé e sílẹ̀. "Kò sí ẹni tó bi ọ́, àbí? Gbogbo wa la mọ èsì." Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbọ́, mi ò ní sọ pé kí o ṣe tibí tàbí tọ̀hún. Ọmọ dáadáa ni. Ìyá rẹ á sunkún, èmi náà á gbọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá fẹ́ sọ, tètè sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti tẹ káàdì ìpè tán, ẹnu rẹ á ti wúwo jù."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Adéṣẹwà ní kí Ògoolúwa wá bá òun jókòó nínú ọgbà ìtura Joubert Park. Oòrùn wà, àmọ́ òtútù oṣù Kẹjọ kò tíì lọ. Àwọn ọkùnrin kan ń ta ṣéèsì níwájú wọn, àwọn ọmọ ayò náà ga tó ọmọdé, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn láti ojú ilé kan sí òmíràn.

"O ò wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́ bí mo bá wà níbẹ̀," Ògoolúwa ní. "Ṣé ìkejì ò dùn mọ́ ọ ni?"

"Ó dára. Ojú rẹ̀ dára ju ti ìkíní lọ fíìfíì. Àmọ́ mo jókòó tì ọ́ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn, Ògo, o ò bi mí ní nǹkan kan."

"Kí ni mo máa bi ọ́? Ọfà wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ṣẹwà, géèmù lásán ni."

"Ṣé géèmù ni ilé Durban? Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "O ní kí n jẹ́ kí o rò ó. Gbogbo ayé ló mọ ohun tí obìnrin ń fẹ́ bó bá sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ fi ìkánjú ṣe é. Mo bi Aǹtí, mo bi pásítọ̀, mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wọn ló ní o ti gbà."

"O bi Aǹtí. O bi pásítọ̀. O bi ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ògoolúwa fi ọwọ́ pa ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ohùn tó ń lò nígbà àtijọ́ ni.

"Má bínú. Mo rò pé inú rẹ á dùn ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Ó dáa, mo ń bi ọ́ báyìí, kò sí ẹlòmíì níbí. Bí Durban ò bá wù ọ́, a ò ní lọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà gbé ẹṣin ayò rẹ̀, ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ láyà, kò tíì mọ ibi tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Adéṣẹwà wá inú ara rẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ ni tó ti ń tẹ̀ sí láti Àjíǹde. Ó wá a pẹ̀lú sùúrù, bí ó ṣe yẹ kí èèyàn wá ohun tó ṣeyebíye. Ìgbà òtútù yẹn ló bá níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n há níwájú ọba tó di ojú, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà, tí kò sì dun ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìyẹn ni ó fẹ́ràn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè kó ẹrù wọ inú ìgbà òtútù kan kó sì máa gbé ibẹ̀, ọkùnrin tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì yìí kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti yára kọjá lọ, obìnrin tí ìyára bá lára mu ló sì yẹ kó fẹ́.

Ó dùn ún, ó dùn ún débi pé ó di etí bẹ́ǹṣì náà mú. Ó yíjú sí i kó tó sọ̀rọ̀.

"Rárá, Ògo," ó ní. "Mi ò ní fẹ́ ọ. Mo ti rò ó tán. Màá pe Mọ́mì lọ́sàn-án yìí, èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."